Ọ̀fẹ́ Tó Gun Ọ̀kadà

Nóòtù kan wà nínú àpótí mi tí eku ti jẹ ní etí. Ọdún 1984 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ní Ìlúà níbí, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní girama. Kì í ṣe ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó ló wà nínú rẹ̀. Odidi ìwé kan ni mò ń dà kọ, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé, tàwòrán tàwòrán, torí ẹyọ kan ṣoṣo nirú ìwé bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilé-ìwé wa, olùkọ́ wa ló sì ni ín. Ọ̀sán Jímọ̀ ló máa ń yá mi; àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbọ́dọ̀ dá a padà. Bí epo bá tán nínú àtùpà, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn.

Ará Gánà ni olùkọ́ náà. Físíìsì àti kẹ́mísírì ló ń kọ́ wa, bí olùkọ́ báyọ́lọ́jì kò bá sì sí, èyí tí kì í ṣe nǹkan tuntun, òun náà ni. Yàrá kan wà tí wọ́n kọ “Laboratory” sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Àga tó ti kán àti àpò àgbàdo ló kún ibẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló gbé ará Gánà dé Ìlúà, ìlú tó jẹ́ pé èèyàn lè máa ná ọjà Ìsẹ́yìn àti Ṣakí láti kékeré kó má yà síbẹ̀ rí. Ọ̀fẹ́ ló gbé e dé. Ọ̀fẹ́ ti pẹ́ nílẹ̀ yìí ju bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe rò lọ. Ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fọ́mọ gbogbo láìgba kọ́bọ̀. Bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí wọ́n fi kan etí òsì. Ọwọ́ rẹ̀ kàn án, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀. Ohun tó dúró fún sáyẹ́ǹsì nígbà náà ni “Nature Study”: ẹ lọ já ewé wá, ẹ lọ mú ọ̀pọ̀lọ́ wá, ẹ yà á sínú ìwé. Bàbá mi máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́. Ó ní ọmọ àgbẹ̀ lòun, ewé wo ni olùkọ́ fẹ́ fi han òun tí òun kò tíì já fún ewúrẹ́ rí?

Ọ̀fẹ́ kejì dé ní 1979, nígbà tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ẹgbẹ́ UPN sì sọ girama náà di ọ̀fẹ́. Káàkiri Òkè-Ògùn ni girama ń hù bí olú. Ọmọ kún kíláàsì, àmọ́ ẹni tí yóò kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì ṣọ̀wọ́n. Ní Gánà lásìkò yẹn, owó sídì ti wó, àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ ń wá ibi tí wọn yóò ti rí náírà gbà. Báyìí ni ọ̀fẹ́ tí wọ́n kéde ní Ìbàdàn ṣe lọ gbé ọkùnrin kan ní Kumasi wá sáàárín wa, tòun ti báàgì kan àti ìwé kan.

Ìwé UNESCO ni. Ìtàn ìwé náà sì dùn. Lẹ́yìn Ogun Hitler, ilé-ìwé tí bọ́ǹbù wó pọ̀ lọ jàra ní Yúróòpù. Lábù ti jóná, owó tí wọn yóò fi kọ́ òmíràn kò sí. Ní 1948, olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, J. P. Stephenson, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tí UNESCO tẹ̀ jáde fún àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní ìlú tí ogun ti bà jẹ́. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe lè fi agolo, ìgò, wáyà àti pákó ṣe ohun tí wọn kò lówó láti rà. Nígbà tí ìwé náà rìn dé ilẹ̀ tí ogun kò jà, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ rí i pé tàwọn ni wọ́n ń sọ: wọn kò ní lábù tí bọ́ǹbù ìbá wó. Ni UNESCO bá fẹ̀ ẹ́ sí i, ó di ìwé gbàǹgbà ní 1956. Lójú tèmi, kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì tó ṣe olùkọ́ Áfíríkà lóore tó o, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tiwa ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́.

Inú ìwé yẹn ni olùkọ́ wa ti kọ́ wa pé ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bá dúró sójú ihò tín-ín-tín lè sọ ohun kékeré di ńlá. Ó fi ìṣó lu abala agolo kan, ó kán omi sójú ihò náà, ó ní kí a gbé ojú sún mọ́ ọn. Mo rí irun lẹ́sẹ̀ eṣinṣin. Ẹ̀kọ tí eṣinṣin bá ti bà lé, n kò lè jẹ ẹ́ mọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Láyé ìgbà yẹn kan náà ni ẹ̀rọ ńláńlá ń gba ojú omi bọ̀. Ìlànà 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ìjọba àpapọ̀ sì ra ẹ̀rọ fún iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní “Intro Tech”, púpọ̀ nínú wọn láti ìlà-oòrùn Yúróòpù. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní Nàìjíríà, inú àpótí tí wọ́n fi kó wọn wá ni wọ́n jókòó sí títí ìpáàrà fi mú wọn. Iná kò sí, yàrá kò sí, ẹni tó mọ̀ wọ́n lò kò sí. Ọ̀fẹ́ làwọn náà wà fún wa o. Ẹ wá fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìṣó àti ẹ̀kán omi.

Nígbà tí ìjọba Ṣàgàrí ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú máa lọ ní 1983, olùkọ́ wa kò kúrò. Ní 1985, lábẹ́ Bùhárí, àṣẹ tún jáde. Lọ́tẹ̀ yìí ó di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì onílà pupa àti búlúù tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré sí WAEC wa. Ìwé náà bá a lọ. Orí bí wọ́n ṣe ń ṣe òṣùwọ̀n ni mo dà á kọ dé, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn nǹkan fúyẹ́fúyẹ́. Ó ku bí ìlà mẹ́ta kí ojú ewé náà tán. Gbólóhùn tí mo kọ gbẹ̀yìn kò ní àmì ìdánudúró.

Nígbà tí mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè olùkọ́ ní Ọ̀yọ́ tí mo padà wálé wá kọ́ni, nóòtù yẹn ni lábù mi. Agolo mílíìkì ni abọ́ òṣùwọ̀n wa, igi gbọọrọ ni apá rẹ̀, òwú ìránṣọ ló so wọ́n rọ̀. Àmọ́ apá kan máa ń wúwo ju èkejì lọ, ìwé mi kò sì sọ ọ̀nà àbáyọ, torí ibẹ̀ gan-an ni mo ti já a. Mo lọ sọ́dọ̀ ọdẹ kan, ó fún mi ní ìda oyin. Ibi tó bá fúyẹ́, a lẹ ìda díẹ̀ mọ́ ọn, a tún yọ díẹ̀ kúrò, títí igi yóò fi dúró gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ìda oyin kọ́ àwọn ọmọ Ìlúà ní òṣùwọ̀n, mo sì rò pé ohun tí UNESCO ní ká ṣe náà nìyẹn.

Ní Ọ̀yọ́ yẹn náà ni mo ti gbọ́ nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣe ní Ifẹ̀. Ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ní ilé-ìwé St. Stephen's A ní Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó àjọ Ford ti Amẹ́ríkà. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́, olùkọ́ ọ̀tọ̀ ló ń kọ́ ọ. Wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tó bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ta wọ́n yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìwé tí wọ́n kọ fún iṣẹ́ náà pọ̀, ọpọlọ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ náà parí, kò tàn dé ilé-ìwé wa. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú, èmi ti rí irú rẹ̀ rí.

Tipẹ́ kí àṣẹ yẹn tó dé ni fóònù GSM ti wọ Nàìjíríà, ní 2001. Kó tó kan wa níbí, ó gbà á lásìkò, nígbà tó sì kàn wá, orí àpáta kan lẹ́yìn ìlú la ti ń rí nẹ́tíwọ̀kì. Ẹni tó bá rí olùkọ́ físíìsì lórí àpáta ní ìrọ̀lẹ́, tó na fóònù sókè ọ̀run, á rò pé àdúrà ló ń gbà.

Ohun tí a ń nawọ́ sí lókè, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo fẹ́ sọ. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ hù lókè òkun. Ní 2001, Yunifásítì MIT kéde pé àwọn yóò gbé nóòtù ẹ̀kọ́ àwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá fẹ́ máa kà á. Ní 2002, UNESCO pe ìpàdé ní Paris, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún irú ohun èlò ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Ọdún yẹn náà ni Carl Wieman, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel fún físíìsì, bẹ̀rẹ̀ PhET ní Yunifásítì Colorado: àwòrán tó ń ṣiṣẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, tí ọmọ lè fọwọ́ ara rẹ̀ yí padà, kó so wáyà, kó fì péńdúlọ́ọ̀mù, kó da omi pọ̀ mọ́ ásíìdì láìfọ́ ìgò kankan. Ní 2004, Salman Khan ń fi tẹlifóònù kọ́ ọmọ ìbátan rẹ̀ kan ní ìṣirò. Nígbà tó yá, ó ń gbé ẹ̀kọ́ náà sórí YouTube, ó sì di Khan Academy.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo wọn, Jos ló kan. Cliff Missen, láti Yunifásítì Iowa, wá kọ́ni ní Yunifásítì Jos ní ìparí àwọn ọdún 1990, ó sì rí bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń fà bí ìgbín, tí owó rẹ̀ sì ga bí òkè. Nígbà tó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ìwé àti fídíò lórí wẹ́ẹ̀bù, ó ń kó ẹ̀dà wọn sínú háàdì díìsì, ó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé. eGranary ló sọ ọ́. Àká nìyẹn o! Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé àká fún òun. Ìgbà tí ọ̀nà oko bá gbẹ lo ń kó o, kí o lè rí i jẹ nígbà tí ọ̀nà bá dí. Ní 2012, àwọn ọmọ yunifásítì kan ní California tún ṣe ti Khan bẹ́ẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní KA Lite, kí fídíò lè ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ̀kì rárá.

Àká ni èmi náà fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan. Ọmọ àbúrò mi tó ń gbé ní Ìbàdàn máa ń dúró di òru, nígbà tí dátà bá dínwó, kó tó dáńlóòdù ohun tí mo bá kọ ránṣẹ́ sí i. Ó ń kó o sínú fúláàṣì, ó ń fún dírẹ́bà ọkọ̀ Ìsẹ́yìn. Láti Ìsẹ́yìn, ó di Òkèhò; láti Òkèhò, ọlọ́kadà gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà kan, ọlọ́kadà náà fi fúláàṣì sínú àpò kan náà tó kó orógbó sí. Ó dé, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń rùn. Owó ọkọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ju owó ìwé kan lọ ní ilé ìtàwé, n kì í sì í fẹ́ kí ìyàwó mi ṣírò rẹ̀ lójú mi.

Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ ni mo ti ń cháàjì kọ̀ǹpútà, lára jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kékeré. Bátìrì náà kì í lo ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ, ọmọ márùndínláàádọ́ta sì ló ń bẹ ní kíláàsì. Mo ní kí wọ́n jókòó sílẹ̀ ní ìlà mẹ́rin, kí àwọn tó ga dúró lẹ́yìn. Mo ṣí ti PhET tó wà fún iná mànàmáná. Bátìrì kan, wáyà méjì, gílóòbù kan. Nígbà tí mo so wọ́n pọ̀, gílóòbù náà tàn, àwọn róbótó búlúù kéékèèké sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò lẹ́sẹẹsẹ yípo nínú wáyà. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọbìnrin kan béèrè pé, “Sà, ta ló ń tì wọ́n?”

Mo ti kọ́ni ní iná mànàmáná fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí.

Ọmọkùnrin kan gba mọ́ọ̀sì, ó yọ gílóòbù kúrò, ó fa wáyà láti orí bátìrì lọ bá ìdí rẹ̀ tààrà. Iná sọ lójú kọ̀ǹpútà, ahọ́n iná pupa. Ìlà iwájú dìde pàrà, wọ́n ń kígbe, “Iná! Sà, ó ti ń jó!” Ọ̀kan nínú wọn padà wá, ó na ìka sójú kọ̀ǹpútà, ó fi kàn án, ó yí sí àwọn yòókù. “Kò gbóná o.”

Ní ọjọ́ kejì, mo mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti wáyà tín-ín-rín kan dání, mo pe ọmọ náà jáde. Ó so ó bó ṣe rí i lánàá. Ó ka ení, ó ka èjì, ó ju wáyà sílẹ̀, ó ki ìka bọ ẹnu. “Èyí gbóná, Sà.” Láti ọjọ́ yẹn, n kì í fi àwòrán hàn wọ́n kí n má mú ohun gidi tẹ̀lé e. Àwọn kan gbà pé fídíò ti gba ipò lábù. Kí wọ́n wá wo ọmọ tó ti wo fídíò bùrẹ́ẹ̀tì ní ìgbà ogún, ní ọjọ́ práktíkà WAEC, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ibi tí omi ti tẹ̀ bí ọpọ́n ni wọ́n ti ń kà á.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Fídíò kan ń ṣàlàyé bí púrótéènì ṣe ń dì, ẹyin ni wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà ni, ó ń yára, ojú àwọn ọmọ ti ń ṣú. Mo dá a dúró. Mo ní, “Wàrà ńkọ́? Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà?” Ọmọbìnrin kan láti Gáà, ọmọ Fúlàní, tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí ní sáà yẹn, na ọwọ́ sókè. Ó ní wọ́n ń gbé mílíìkì kaná, kì í ṣe kó hó o, kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n á wá fún oje ewé bomubomu sí i. Bí oje bá pọ̀ jù, á korò. Bí iná bá yá jù, á le bí rọ́bà. Ó ní ìyá òun kì í fi aago wò ó, ìka ló ń tì bọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé mílíìkì wá, a sì ṣe é ní kíláàsì lórí sítóòfù kẹrosíìnì. Nígbà tí omi rẹ̀ yà sọ́tọ̀ tí funfun gbá jọ, mo tún tan fídíò yẹn. Wọ́n wò ó dópin. “Púròfẹ́sọ̀ Wàrà” ni wọ́n ń pè é títí ó fi jáde.

Ní 2020, nígbà tí Kòrónà ti ilé-ìwé pa, gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ mi tó ní fóònù tó lè gba fídíò, ìka ọwọ́ kan ti tó mi í fi kà wọ́n. Àwọn yòókù ń bẹ lóko, wọ́n ń kọ ebè.

Ó wá ku ìwé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn Kòrónà ni mo tẹ orúkọ rẹ̀ sórí fóònù, n kò tiẹ̀ retí nǹkan kan. Ó jáde. UNESCO ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, látẹ̀yìn dé iwájú, ẹnikẹ́ni kò gba kọ́bọ̀. Páálí rẹ̀ nìkan ni mo rí kí dátà tó tán. Ní ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkèhò, mo ní kí ọmọkùnrin tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ bá mi tẹ ojú ewé kan péré. Ó ní, “Bàbá, ojú ewé kan lẹ torí ẹ̀ wá láti Ìlúà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gba owó bébà, kò gba ti íńkì.

Nígbà tí mo délé, mo gbé nóòtù jáde. Mo dà á kọ láti ibi tí mo ti já a ní 1985, bíírò dúdú lábẹ́ íńkì búlúù tó ti ń ṣí, mo sì fi àmì ìdánudúró síbi tó yẹ. Kò sí ìda oyin níbẹ̀ rárá. Mo wò ó títí, mo sì kọ ọ́ sí i.